Mọ́ín-mọ́ín lọ́wọ́ ọmọ oṣù mẹ́fà

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin àǹtí mi. Birmingham ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi pé oṣù mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wá wò nílé ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú jẹ, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé tó fún mi kò ju kárọ́ọ̀tì, bùrókólì àti búrẹ́dì lọ. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní ọmọ tí kò tíì léyín, ògì ni kí n máa rọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí oúnjẹ má lọ há a lọ́fun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ oúnjẹ ilé wa. Kí ni kí n sè?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ. Olúwa á wò ó. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti fi oúnjẹ kọ́ níbí ní Peckham, mọ́ín-mọ́ín sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn mú jẹ. Òun náà ni kí o sè.

Nítorí ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Èròjà irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ kó tó wáyé máa ń fẹ́ tán tó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, omi ọmú kò sì ní i púpọ̀. Kárọ́ọ̀tì dára, kò kàn lè dí àlàfo yẹn. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀dọ̀ ló lè dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, torí fítámì A inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ògì lásán yóò yó ọmọ, àmọ́ èròjà inú rẹ̀ kéré. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò jalè. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ yẹn fi oúnjẹ gidi dù.

Ra ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, rẹ ẹ́, kí o lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà díẹ̀. Má fi ata rodo sí i, má fi iyọ̀, má fi kúùbù ìsebẹ̀. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan jẹ lóòjọ́ kò tó gíráàmù 1. Bó bá jẹ́ ti gbogbo ilé lò ń sè, bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí o tó fi iyọ̀ sí tiyín. Má jẹ́ kómi rẹ̀ pọ̀, kó lè dì dáadáa, kí o sì sè é fún bí ìṣẹ́jú 40, nínú ewé eéran tàbí ife kékeré. Bó bá tutù, gé e gbọọrọ, kó gùn kó sì nípọn tó ìka ọwọ́ rẹ. Ọmọ oṣù mẹ́fà ò tíì lè fi ìka ṣa nǹkan. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń dì í mú, orí tó bá yọ lókè ìkúùkù ni yóò jẹ. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rún, èrìgì ọmọ á lè rún un. Ìwọ tí ò ń fún un lọ́mú mọ bí èrìgì náà ti le tó.

Ti àkọ́kọ́, ẹ̀wà nìkan ni kó jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, po ẹyin mọ́ ọn. Tó bá tún di ọjọ́ mẹ́ta sí i, fi ẹja títùs sí i, àmọ́ fọwọ́ tú u kínníkínní kí egungun má ṣẹ́kù. Edé lílọ̀ náà á ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ara ọmọ bá kọ ọ̀kan, wàá mọ èyí tó jẹ́. Má ṣe pa ẹ̀pà tì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tó ní ẹ́kísímà líle (àìsàn awọ tó máa ń yún ọmọ) tàbí tí ara wọn kọ ẹyin, àwọn tó tètè ń jẹ ẹ̀pà ni ara wọn kì í sábà kọ ọ́. Lọ̀ ọ́ kúnná, kí o pò ó mọ́ ògì. Odindi ẹ̀pà di ẹ̀yìn ọdún márùn-ún. Bí ọmọ tìrẹ bá ní ẹ́kísímà líle, kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a bọ̀ dára, ànàmọ́ náà dára. Iṣu máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, nítorí náà fi píà pa á lára. Oyin ni kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan, torí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò lágbára láti borí. Nígbà tí a sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ, èmi àti bàbá rẹ̀ la bá a tọ́ oyin wò.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà ọ́, jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, má sì kúrò níwájú rẹ̀. Á máa ṣe bí ẹni fẹ́ bì, á wúkọ́, á yọ ahọ́n. Bó ṣe ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ nìyẹn, má kì ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí oúnjẹ há a lọ́fun láìlóhùn ló léwu. Àwọn ìwé ibí á ní kí o wò bóyá ara ọmọ pọ́n tàbí ó di búlúù, àwọ̀ tiwa kì í sì í tètè fi ìyẹn hàn. Etí ni kí o fi ṣọ́ ọ, kí o sì wo ètè àti èrìgì rẹ̀. Bí kò bá lè wúkọ́ tàbí kó sunkún, dà á dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí o fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, yí i padà, tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnìkan sì pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó fi hàn ọ́ nísinsìnyí, kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Rírọ ló bà mí lẹ́rù jù. Kí a gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kí a dí i nímú, kí a máa da ògì sí i lẹ́nu, ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ṣíbí ni kí ẹ fi fún un ní ògì. Má bá màmá jà o. Ohun kan náà ni ìyá ọkọ tèmi sọ nígbà àkọ́bí mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa se mọ́ín-mọ́ín náà. Ọwọ́ wọn ni ọmọ ti gbà á, tó tì í bọnu, tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọn ò dárúkọ rírọ mọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa bọ́ sí. Má fòyà, omi ọmú ṣì ń bọ́ ọ. Tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ àga rẹ̀, kí o tún gbé e fún un lọ́jọ́ kejì.