Èsì: Ẹ gbé àgọ́ dání lọ sí Munda Biddi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ lè dá gun kẹ̀kẹ́ ní Munda Biddi, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ inú igbó ní Ọsirélíà, láìgbé àgọ́ dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Lóòótọ́, ilé ìsùn wà lójú ọ̀nà náà, tòun ti táǹkì omi òjò, ṣùgbọ́n èrò lè ti kún un kí ẹ tó débẹ̀. Ọ̀nà tó lé ní 1,000 kìlómítà ni, láti Mundaring dé Albany.

Òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù fún yín: roboto bí ẹ̀wà, ó ń yí gbirigbiri lábẹ́ táyà. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, ẹ má sì tẹ bíréèkì iwájú lójijì.

Ẹ se omi táǹkì kí ẹ tó mu ún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí níbi púpọ̀, nítorí náà ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa jáde nínú igbó fún ará ilé.