Kí ẹ tó fi etí ọ̀sà yín fún onídírẹ́jà

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé onídírẹ́jà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn pọ̀ mọ́ omi látìsàlẹ̀ ọ̀sà) fẹ́ háyà ilẹ̀ ìdílé yín létí ọ̀sà Ìkòròdú fún ọdún méjì, pé owó tó dá lé e wú àwọn àgbà lórí: ibi tó ti máa fa yanrìn ni kí ẹ bi í, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ yanrìn ni mò ń ṣe ní Bàyékù, létí ọ̀sà kan náà, nígbà tí bàbá mi àtàwọn àbúrò wọn gba irú owó bẹ́ẹ̀. Òpó la máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a ó dì í mú sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú korobá, ẹni tó wà lókè á fà á bó bá kún. Ohun tá a bá bù lónìí, omi á tẹ́ ojú rẹ̀ padà.

Kí dírẹ́jà tó dé, àwọn ọmọkùnrin kan wá fi páìpù tín-ín-rín gún ìsàlẹ̀ omi káàkiri. Ibi tó bá ti ń ha gírígírí, yanrìn ni; ibi tó bá ti wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹrẹ̀ ni. Wọ́n ní èyí tó dáa jù wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fa yanrìn láti ọ̀nà jíjìn, páìpù lówó, dísẹ́lì lówó. Nígbà tó fi di oṣù kejì, wọ́n ti sún mọ́lé débi pé a ń kí wọn láìpariwo.

Ihò tó jìn kì í dá gbé. Yanrìn tó yí i ká á máa yọ́ wọ inú rẹ̀, bó bá sì kan etí ilẹ̀, ilẹ̀ á bá a lọ. Igi àgbọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ tẹ̀, a rò pé atẹ́gùn ni. Nígbà òjò ọdún kejì, inú omi ni wọ́n wà, pẹ̀lú ibi tá a ń so ọkọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní odò Ògùn á tún kó yanrìn wá dí i bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti ṣí ìsédò Ọ̀yàn, lórí odò tó ń ṣàn wọ Ògùn, ní 1983, ibẹ̀ ni lára yanrìn náà ń dúró sí.

Omi tó bá yanrìn jáde ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ ṣàn padà. Tiwa gba ẹ̀yìn ilé, ó da ẹrẹ̀ bo ibi tí àwọn obìnrin ti ń dẹ ìgèrè. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà tí omi òkun ń wọ ọ̀sà. Omi oníyọ̀ náà wọ kànga ìyá mi, ọṣẹ ò hó mọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú. Òfin ìwakùsà 2007 ní tiwọn ni ohun inú ilẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ ní January 2024 pé àwọn náà ló láṣẹ ojú omi, kì í ṣe ìjọba Èkó. Àwa ò béèrè. Nígbà tá a máa fi wá onídírẹ́jà náà, ó ti ta dírẹ́jà.

Bí ìdílé bá ṣì fẹ́ gbà, ẹ kọ iye mítà tó gbọ́dọ̀ jìnnà sétí ilẹ̀ sínú àdéhùn, ẹ ri òpó síbẹ̀, kí ẹnì kan máa wọkọ̀ lọ wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì wọn bí omi ṣe jìn tó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò wọn tiwa. Òpó iṣẹ́ mi ni mo fi mọ̀: lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo tì í sísàlẹ̀ níbi tí mo ti ń bu yanrìn tẹ́lẹ̀, kò kanlẹ̀.