Òrùka mẹ́ta lọ́rùn ìgò ọtí Ireland: ṣé Mẹ́talọ́kan ni?

Ẹnì kan bi mí pé: "Mo rí ìgò ọtí gíláàsì àtijọ́ kan láti Ireland ní mùsíọ́mù, òrùka mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní Mẹ́talọ́kan ló dúró fún. Ṣé òótọ́ ni?"

Rárá o. Ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ìgò náà wúwo, ọrùn gíláàsì sì ń yọ̀. Òrùka yẹn ni ìka máa ń há sí tí wọ́n bá ń da ọtí fún àlejò. Olórùka méjì náà wà. Bó bá jẹ́ Mẹ́talọ́kan ni, ta ni wọ́n wá yọ kúrò níbẹ̀?

Wáìnì tó ti pẹ́ máa ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Wọ́n á rọra dà á sínú ìgò yìí bí ẹni ń da omikan kúrò lórí ògì, àfi pé èyí tó ṣàn ni tiwọn.

Ìwúwo ìgò náà gan-an ló ní ìtàn. Òjé tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì ló mú un wúwo, tó ń mú un dán yinrin, tó sì jẹ́ kó rọrùn láti fín. Láti 1745 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí gíláàsì nílé tiwọn, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń gbà á. Wọn ò gbà á ní Ireland, tó wà lábẹ́ wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ fún ará ibẹ̀ láti ta gíláàsì sókè òkun. Nígbà tí èèwọ̀ yẹn kúrò ní 1780, ọ̀nà là: gíláàsì tó nípọn, tó ṣe é fín jinlẹ̀, láìsan kọ́bọ̀! Ní 1783 ni George àti William Penrose dá iléeṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ ní ìlú Waterford ní Ireland, tí wọ́n mú John Hill, oníṣẹ́ gíláàsì, wá láti Stourbridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó orí dé bá wọn ní 1825; Waterford ti ilẹ̀kùn ní 1851.

Ẹ má gba ti àwọn tó ní gíláàsì Waterford máa ń ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Ìdí ìgò ni kẹ́ ẹ wò: àwọn kan ní PENROSE WATERFORD níbẹ̀, lẹ́tà tó yọ síta díẹ̀. Orúkọ oníṣòwò tó tà á náà lè wà níbẹ̀, bíi Francis Collins ti Dublin.

Ẹ wo ìdérí náà. Wọ́n lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ọrùn ìgò tirẹ̀ mu ni, wọ́n sì máa ń fín nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì nígbà míì. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ìdérí onídérí ni wọ́n fi dé e.