Ìbéèrè Yín Lórí Búrẹ́dì Àfọwọ́já: Ẹ Jẹ́ Káwọn Ọmọ Bá Yín Yí I

Búrẹ́dì ni ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi lóṣù yìí, pàápàá búrẹ́dì dídùn oníṣù kéékèèké tí gbogbo ilé máa ń fọwọ́ já jẹ. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́ torí inú ẹ̀ ni ìdáhùn àwọn tó kù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí wa. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tó wá láti Amẹ́ríkà ṣe Ojúde Ọba ló ṣe búrẹ́dì yìí fún wa, ṣúgà bò ó lára, gbogbo wa kàn ń já a ni, kò dé ilẹ̀ tó fi tán. Ó ti padà báyìí, àwọn ọmọ ò jẹ́ n sinmi. Mi ò ní oven o, gáàsì olójú méjì ni mo ń lò. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n, ọdún mẹ́tàlá, mẹ́sàn-án àti mẹ́fà. Ṣé mo lè ṣe é, ṣé wọ́n sì lè bá mi ṣe é láì da ilé rú?
*Màmá Dámọ́lá, Ṣàgámù*

Màmá Dámọ́lá, ẹ lè ṣe é dáadáa. Mo tiẹ̀ fẹ́ káwọn ọmọ yẹn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn fún wọn ní fúláwà díẹ̀ kí wọ́n máa fi ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìṣù bí ọgbọ̀n lẹ máa yí, ẹnì kan ṣoṣo tó bá jókòó tì í, kó tó dé ìdajì èyí tó kọ́kọ́ yí ti ń wú nìyẹn, èyí tó kù ṣì wà nínú abọ́, tẹ́ ẹ bá wá gbé gbogbo ẹ̀ síná pọ̀ kò ní jinná bákan náà. Ọwọ́ púpọ̀ ni búrẹ́dì yìí ń fẹ́. Àwọn ará Hungary ti ń ṣe irú ẹ̀ tipẹ́, aranygaluska ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ṣí níbẹ̀ lọ Amẹ́ríkà ló gbé e dé ọ̀hún. Nancy Reagan, ìyàwó Ààrẹ Reagan tó ṣèjọba láti 1981 sí 1989, fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó máa ń wà lára oúnjẹ Kérésì wọn ní White House. Oúnjẹ ọdún ni, oúnjẹ ìgbà tí ilé bá kún.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa rà. Fúláwà 500 giramu, ìyẹn ìdajì ọ̀rá kílò kan, tẹ́ ẹ bá rí fúláwà búrẹ́dì gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò búrẹ́dì ní ọjà Fálàwò ẹ ra ìyẹn, ti puff-puff náà ṣeé lò. Yíìsì wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì méjì. Ṣúgà ṣíbí ìjẹun márùn-ún, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ẹyin kan, bọ́tà 60 giramu, àti mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó máa sún mọ́ 240 mililita, tó bá jẹ́ mílíìkì oníyẹ̀fun lẹ ní, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta nínú omi á tó. Èyí tẹ́ ẹ máa fi bò ó lára yàtọ̀ o: bọ́tà 100 giramu tẹ́ ẹ ti yọ́, ṣúgà 150 giramu, ṣíbí tíì méjì sínámọ́nì. Ilé tí wọn ò bá fẹ́ òórùn sínámọ́nì lè lo nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ pẹ̀lú àgbọn tí wọ́n rin tí wọ́n sì yan fẹ́ẹ́rẹ́, èmi gan-an fẹ́ràn ti àgbọn jù.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn wọn nǹkan fúnra ẹ̀ kó sì po ó. Kó da fúláwà, yíìsì, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀, kó fọ́ ẹyin sí i, kó wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, kó má da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí fúláwà kan máa ń mu omi ju òmíràn lọ. Bọ́tà ló máa kẹ́yìn. Ó máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, á fẹ́ bu fúláwà sí i, ẹ má gbà fún un! Ibẹ̀ gan-an ni búrẹ́dì ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń le. Kó ṣáà máa po ó, kó nà án lọ kó ká a bọ̀, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, fúnra ẹ̀ ló máa jáwọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi ìka fà á, tó bá fẹ́lẹ́ débi tẹ́ ẹ fi ń rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ láìya, ó ti tó nìyẹn.

Ẹ bò ó kó wú. Ìwé ìdáná àwọn òyìnbó á sọ fún yín pé wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì, àmọ́ ooru tiwa ní Rẹ́mọ níbí yàtọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lè wú tán láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, nígbà ọyẹ́ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aago sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú abọ́. Tó bá ti di ìlọ́po méjì, ẹ fi ìka tẹ ẹ́ díẹ̀, tó bá ń rọra padà bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni yóò máa yí i, gẹ́gẹ́ bí ẹyin àparò tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, bí 30 giramu. Kò pọn dandan kó rí róbótó, àmọ́ kó má ṣe jẹ́ pé ọ̀kan tóbi tó ọ̀kan kéré o, torí kékeré á gbẹ kí ńlá tó jinná. Ti ọmọ ọdún mẹ́fà ló dùn jù: ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á ti ìṣù bọ bọ́tà, òun á yí i nínú ṣúgà, á tò ó sínú páànù. Ẹ jẹ́ kó tò ó bó ṣe wù ú. Ọwọ́ ẹ̀ máa kún fún ṣúgà, á máa lá a, ẹ fi ọmọ sílẹ̀, kó ṣáà fọwọ́ kó tún padà síbẹ̀.

Páànù tó ní ihò láàárín ló dáa jù kí àárín má bàa ṣẹ́ kù ní tútù. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ mú agolo mílíìkì tó ti tán, ẹ bó bébà ara ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi bọ́tà pa ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ sínú ẹ̀ kó má bàa yí, kẹ́ ẹ gbé e sí àárín páànù kéèkì yín kẹ́ ẹ to ìṣù yí i ká. Ẹ fi sílẹ̀ kó tún wú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ó ku ọ̀rọ̀ oven tẹ́ ẹ ò ní. Ìkòkò ńlá tó nípọn, irú èyí tẹ́ ẹ fi ń se ìrẹsì àríyá, ẹ da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìdí ẹ̀, kó ga tó ìka méjì tẹ́ ẹ fi dùbúlẹ̀, ẹ dé e kẹ́ ẹ tan gáàsì sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó gbóná, kẹ́ ẹ tó gbé páànù lé yanrìn yẹn kẹ́ ẹ dé e padà. Ẹ má lo ìkòkò tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ o, òfìfo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbóná bẹ́ẹ̀. Iná kékeré, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí bí wákàtí kan. Ẹ fi igi ìgbálẹ̀ tó mọ́ gún un wò, tó bá jáde láìní fúláwà tútù lára, ó ti jinná. Òkè ẹ̀ máa funfun díẹ̀ torí iná ò sí lókè, ẹ má ba ọkàn jẹ́, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn búrẹ́dì yìí fún àwọn tí kò ní oven nìyẹn: a máa ń dojú ẹ̀ délẹ̀ ni, ìdí tó ti pọ́n dáadáa yẹn ló máa wá di òkè. Ẹni tó bá ní oven, 175°C fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì sí ogójì.

Gbígbé e kúrò lórí iná àti dídojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe é o, Màmá Dámọ́lá. Ṣúgà tó ti yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ni, ó ń jó ju omi gbígbóná lọ. Káwọn ọmọ jìnnà sí i nígbà yẹn, kí wọ́n tó wá jókòó sídìí tábìlì.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gbìyànjú búrẹ́dì yìí, kò wú rárá, ó le. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ní kí n fi bromate, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú, díẹ̀ sí i. Ṣé kí n rà á?
*Ìyàwó Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. NAFDAC ti fòfin dè é nínú búrẹ́dì tipẹ́tipẹ́, torí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ẹranko fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kí ló fẹ́ gbé irú ẹ̀ wọ ilé téèyàn ti ń bọ́ ọmọ ẹ̀? Ọ̀kan lára ìdí tó fi dáa ká máa ṣe búrẹ́dì nílé ni pé a mọ gbogbo ohun tó wọ inú ẹ̀.

Yíìsì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun ẹlẹ́mìí ni, omi tó gbóná jù máa ń pa á, tó bá ti tó nǹkan bí 60°C ó ti kú. Ẹ ti ìka bọ mílíìkì yẹn, tẹ́ ẹ bá lè ka ení dé ẹ̀wá láìfa ọwọ́ yọ, ó dáa. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti kú kẹ́ ẹ tó rà á, pàápàá èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá tí oòrùn ń pa lórí àtẹ. Ẹ da ṣíbí tíì kan sínú ìdajì kọ́ọ̀pù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, tí kò bá hó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù.

Ẹ tún sọ nínú lẹ́tà yín pé ẹ da sínámọ́nì àti ṣúgà tó pọ̀ mọ́ fúláwà kó lè dùn wọnú. Ibẹ̀ ni mo fura sí jù. Ṣúgà púpọ̀ máa ń fa omi mọ́ yíìsì lọ́wọ́, sínámọ́nì náà kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìta ni kí adùn wà, ẹ fi inú sílẹ̀ fún yíìsì.

Mo kí yín o. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń wá lo hólídé lọ́dọ̀ mi, mo sì ní ẹ̀gẹ́ lóko dáadáa. Fúláwà ti wọ́n jù. Ṣé a lè fi láfún ṣe é?
*Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ o, Bàbá. Láfún nìkan ò lè ṣe é. Nǹkan kan wà nínú àlìkámà tó máa ń fà tẹ́ ẹ bá po ó, òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú kí búrẹ́dì tó lè wú, ẹ̀gẹ́ ò ní in rárá. Àmọ́ ẹ lè pò ó mọ́ ọn. Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́ ni wọ́n ti ń sọ pé káwọn tó ń lọ fúláwà máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀gẹ́ sí i, FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, náà ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí búrẹ́dì ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé nínú 500 giramu, kí 50 jẹ́ ẹ̀gẹ́, 450 fúláwà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ láfún tó ti kan o, kíkan ẹ̀ máa bo adùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ wà lóòjọ́, kẹ́ ẹ bó o, kẹ́ ẹ rin ín, kẹ́ ẹ fún omi ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a kíá kó gbẹ kó tó kan, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ tó kúná jọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ yín á bá yín wa ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó wù mí kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀.

Tèmi máa ń wú, ó máa ń jinná, àmọ́ ìdajì ẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí páànù.
*Ọmọ Ìlíṣàn*

Ẹ ń jẹ́ kó tutù jù kẹ́ ẹ tó dojú ẹ̀ délẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá ti gbé e sọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà tó bá ti tutù máa ń dì mọ́ páànù. Tó bá ti lẹ̀, ẹ gbé ìdí páànù padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan, á tú. Ẹ fi bọ́tà pa páànù dáadáa lọ́jọ́ mìíràn.

Mo fẹ́ ṣe é fún ilé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ṣé mo lè po ó sílẹ̀ láti alẹ́ Sátidé? Ìyá ọkọ mi tó ní àtọ̀gbẹ náà máa wà níbẹ̀.
*Ìyàwó Ilé, Ìpẹ̀rù*

Ẹ lè po ó, inú fíríìjì ni kó sùn, kẹ́ ẹ bò ó dáadáa. Ó máa rọra wú lóru, adùn ẹ̀ á tún pọ̀ sí i. Láàárọ̀ ẹ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí òtútù ẹ̀ lọ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i. Ẹ má gbé e sórí tábìlì mọ́jú o, mílíìkì àti ẹyin wà nínú ẹ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ kó tó pẹ́, fíríìjì tẹ́ ẹ ò ṣí ṣì máa tutù fún bíi wákàtí mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá sì rí i pé fúláwà ti wú kún abọ́, ẹ dìde kẹ́ ẹ yí i lóru yẹn, kẹ́ ẹ sè é.

Ti ìyá, ẹ má rò pé tẹ́ ẹ ò bá ti fi ṣúgà bò ó, wọ́n lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n, torí fúláwà funfun gan-an máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ dókítà wọn iye tí wọ́n lè jẹ. Ẹ lè fi ìṣù méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láì yí i nínú ṣúgà, bọ́tà nìkan, kẹ́ ẹ sè é lọ́tọ̀ nínú agolo kékeré, kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Kí wọ́n ṣáà lè bá àwọn ọmọ jókòó jẹun.