Màmá ń gbọ́ mi, èmi ò gbọ́ màmá: ìbéèrè yín lórí fóònù íntánẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi fóònù ilé tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pe màmá mi n'Íbàdàn, kinní kékeré kan ló wà nídìí ẹ̀ tí wáyà ẹ̀ wọnú ráútà. Kò yọ mí lẹ́nu rí. Àmọ́ láti bí oṣù kan báyìí, tí mo bá ti pè, á dún, màmá á gbé e, ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ni, mo tiẹ̀ fowó ránṣẹ́ kí wọ́n bá wọn ra fóònù tuntun. Àṣé màmá ń gbọ́ mi ketekete! Àbúrò mi ló sọ fún mi pé gbogbo bí mo ṣe ń pariwo "haló, haló, ẹ sọ̀rọ̀ sókè" ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n ti ń bínú pé mo ń jágbe mọ́ àwọn. Mi ò yí nǹkan kan padà nílé o, àfi ráútà tuntun táwọn ọmọ rà torí géèmù, ìyẹn ò sì kan fóònù. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Leeds

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ màmá ná. Fóònù tuntun yẹn ò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí wàhálà ọ̀hún ò sí n'Íbàdàn, inú ilé yín ní Leeds ló wà. Ohun tí mo fi mọ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Nídìí ká fi íntánẹ́ẹ̀tì pera wa yìí, ẹni tí ò gbọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ilé ara ẹ̀ wò, àmọ́ ti ẹnìkejì ni gbogbo wa máa ń fura sí, èmi náà ti bá ẹ̀gbọ́n mi jà rí lórí ẹ̀.

Ìpè kan ṣoṣo lẹ rò pé ẹ pè, nǹkan mẹ́ta ló ń rìn níbẹ̀. Èyí tó ń lọ kanlẹ̀kùn ni wọ́n ń pè ní SIP, òun ló ń jẹ́ kí fóònù màmá dún, òun ló sì ń wá sọ fún yín pé wọ́n ti gbé e. Ohùn kì í bá a rìn. RTP ló ń gbé ohùn, tiyín ń lọ lójú ọ̀nà tiẹ̀, ti màmá ń bọ̀ lójú ọ̀nà tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè dún dáadáa, kí wọ́n gbé e, kí ọ̀nà kan là gbalaja, kí ìkejì dí pa.

Kí ló wá dí i? Àdírẹ́ẹ̀sì ni. Gbogbo nǹkan tó wà lórí wifi yín, ráútà ló fún wọn ní nọ́ńbà abẹ́lé, ó sábà máa ń fi 192.168 tàbí 10 bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ò sì wúlò kọjá ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ wò ó bíi ilé face-me-I-face-you. Tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà séèyàn tẹ́ ẹ wá ní kó fèsì sí "yàrá kẹta lápá ọ̀tún", láìsọ àdúgbò láìsọ òpópónà, ibo ni apínlẹ́tà fẹ́ gbé e lọ? Ohun tí kinní kékeré yín ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìpè yín pé kí wọ́n fi ohùn màmá ránṣẹ́ sí 192.168.1.20, ohùn màmá bá sọnù sójú ọ̀nà. Tiyín ń débẹ̀ ní tiẹ̀, torí ẹ mọ àdírẹ́ẹ̀sì ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Ráútà géèmù tẹ́ ẹ ní kò kàn án yẹn, òun gan-an ló kàn. Tẹ́lẹ̀, géètì kan ló wà, ẹ̀yin àti géètì yẹn sì ti mọwọ́ ara yín. Ní báyìí ẹ ti fi ráútà sẹ́yìn ráútà, géètì méjì, mẹ́gáàdì méjì, ohùn màmá tó bá tiẹ̀ rọ́nà kọjá ti àkọ́kọ́, ti ìkejì á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ yọ wáyà kinní kékeré yẹn lára ráútà tuntun, ẹ wá fi sára ti àtijọ́ táwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá. Ẹ pa gbogbo wọn, ẹ tan ráútà àtijọ́, ẹ jẹ́ kó gbéra dáadáa, kẹ́ ẹ tó tan kinní kékeré. Àwọn ìbejì lè máa bá géèmù wọn lọ lórí tuntun, kò sí ìjà níbẹ̀.

Tí kò bá ṣe, ẹ wọ sẹ́tíǹsì ráútà, ẹ wá ohun tó ń jẹ́ SIP ALG, kẹ́ ẹ pa á. Wọ́n ní àwọn ṣe é kó máa bá wa tún àdírẹ́ẹ̀sì yẹn kọ, àmọ́ akọ̀wé burúkú ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ba lẹ́tà jẹ́ sí i. Ráútà mìíì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i rárá, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi ilé iṣẹ́ fóònù yín bóyá wọ́n ń gba TLS, tó máa ń lẹ ẹnu lẹ́tà SIP pa, lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù 5061 dípò 5060, torí lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa, ALG ò lè tú u kà. Ẹ sì ní kí wọ́n bá yín tan STUN nínú kinní kékeré yẹn, òun ló máa ń lọ béèrè níta pé "àdírẹ́ẹ̀sì wo lẹ rí lára mi?" kó tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 5060 sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé tàbí kẹ́ ẹ gbé fóònù sínú DMZ, ìyẹn ibi tí ráútà kì í ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un. Àwọn olè wà tó jẹ́ pé 5060 ni wọ́n ń kàn kiri lóru, tí wọ́n bá ráyè wọlé, nọ́ńbà olówó gọbọi lókè òkun ni wọ́n á fi àkáǹtì yín pè títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ká ní màmá ni ò gbọ́ yín ni, bọ́tìnnì mute àti máìkì ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Áàpù tí ẹ ò fún láṣẹ láti lo máìkì, á kàn máa gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ránṣẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, wàhálà kan náà ló ń bá mi fà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ábẹ́òkúta, MiFi ni mò ń lò, mo ti ṣí pọ́ọ̀tù 10000 dé 20000 bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, pàbó ló já sí. Kí ló dé tí WhatsApp ń lọ geere lórí MiFi yìí kan náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún MiFi yẹn, èyí tó wà lápá íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti inú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣí pọ́ọ̀tù kankan mọ́, torí ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíì lẹ jọ ń lo àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan ṣoṣo, géètì ńlá tó wà níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín. WhatsApp ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ní ẹ̀rọ tiẹ̀ láàárín, tí ọ̀nà tààrà ò bá là, ẹ̀yin méjèèjì á jáde lọ bá ẹ̀rọ yẹn, òun á máa gba ohùn lọ́wọ́ tibí fún tọ̀hún. Ẹ sọ fún àwọn tó ni laìnì yín pé kí wọ́n máa gba ohùn kọjá lọ́dọ̀ tiwọn bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n fún yín ní TURN, ìyẹn irú ẹ̀rọ àárín bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá ní, ẹ wá ẹlòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi dáa, a ń gbọ́ra wa, àmọ́ tó bá ti ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, á já, ní gbogbo ìgbà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kà á dáadáa, 32 sẹ́kọ́ǹdù ni. Ẹni tó gbé fóònù ti ránṣẹ́ pé "mo ti gbé e o", ó ń retí kí ẹni tó pè é dáhùn pé "mo ti gbọ́". Ìdáhùn yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á máa tún un sọ, á máa tún un sọ, tó bá ti pé 32 sẹ́kọ́ǹdù, á jùwọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì yìí kan náà ni, SIP ALG ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ pa.