Kí ẹ tó mú akọ wá bá abo ajá yín

Ẹ kú ìtọ́jú ajá o, bọ̀dá Ìjayè. Ẹ ní abo Alsatian yín ti pé ọmọ ọdún méjì, aládùúgbò yín tó ní akọ ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì kírọ́ọ̀sì kí ẹ jọ pín ọmọ, ẹnì kan sì tún sọ fún yín pé dandan ni kí abo bímọ lẹ́ẹ̀kan kí ara rẹ̀ tó dá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe òótọ́. Kò sí àìsàn tí ìbímọ ń wò fún ajá. Kódà, èyí tí wọ́n bá tètè yọ ilé ọmọ rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà mú, ọyún ò sì ní rí ilé ọmọ tó máa kún nígbà tó bá dàgbà. Tó bá jẹ́ torí ìlera rẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kó bímọ, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú.

Tó bá jẹ́ torí ọmọ ni, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin Alsatian ní Adátán níbí, mo sì mọ ohun tí ojú ń rí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ra ọmọ ajá lọ́wọ́ yín bá pè yín lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé òun ń kó lọ sí Èkó, onílé tuntun ò sì fẹ́ ajá, ṣé ẹ máa gbà á padà? Tí kò bá sí àyè fún un nílé yín, ẹ má ì tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Akọ kan wà nínú àwọn ọmọ tí abo mi bí, etí rẹ̀ ọ̀tún nìkan ló nà, àyà rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tó rà á sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ó ní ọgbà ilé òun tóbi. Nígbà tó yá, mo lọ tún ọkọ̀ ṣe ní Láfẹ́nwá, mo sì rí ajá kan tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ìdí ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ṣéènì ti jẹ irun ọrùn rẹ̀ tán, ó ti kan ara, eégbọn sì tò sínú etí rẹ̀ bí ẹ̀wà. Etí yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Wọ́n ti tún un tà lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Mo san iye tí wọ́n dá lé e, mo gbé e lọ sílé. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ ajá tó ń kúrò lọ́dọ̀ mi láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀dọ̀ mi ló ń padà bọ̀ tí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́. Mo sì máa ń lọ wo ibi tó máa sùn kí n tó gba owó. Àwọn kan ń bínú sí i. Kí wọ́n máa bínú.

Abẹ́òkúta la sì wà. Ẹni tó ń wá ajá fún Ògún á wá, ẹni tó ń wá ajá fún ìkòkò ọbẹ̀ náà á wá, wọn ò sì ní sọ ọ́ lẹ́nu géètì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń sìn, ṣùgbọ́n èyí tí mo fọwọ́ mi tọ́ kì í ṣe fún ìyẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ kí a tó dúnàádúrà rárá.

Ó wá ku àwọn òbí fúnra wọn. Àrùn oríkèé ìbàdí pọ̀ lára Alsatian, ó sì ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ: egungun itan kì í jókòó dáadáa nínú ihò ìbàdí. Ẹ wo akọ aládùúgbò yín láàárọ̀ bó ṣe ń dìde lórí sìmẹ́ńtì. Tó bá ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ dìde, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sì ń fò pọ̀ bí ó bá ń sáré, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó, ẹ́síréè ló ń fọ̀rọ̀ hàn. Ní Amẹ́ríkà, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù 24 kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí ìbàdí tó kẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Alábàtà, kò jìnnà sí yín, ẹ lọ bi wọ́n bí ẹ ṣe lè ṣe é. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò fún kòkòrò àrùn Brucella pẹ̀lú. Bí akọ bá gun abo, ó lè gbé e kó ra wọn, ó ń mú kí oyún bàjẹ́, ó sì lè ran èèyàn. Akọ tó bá sì ń bu èèyàn ṣán nítorí ẹ̀rù, kí ẹwà rẹ̀ má tàn yín. Ọmọ lè jogún ìwà náà.

Oyún ajá tó nǹkan bí ọjọ́ 63. Ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀, torí òru ni wọ́n sábà ń rọbí. Tó bá ń rọbí gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ ò jáde, tàbí tí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó bọ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ohun tó ń dùn mí jù ni parvo, àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọmọ ajá. Àwọn ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tí ara wọ́n ń dán, tí wọ́n ti ń jẹun fúnra wọn. Ẹnì kan wá wò wọ́n, bàtà tó wọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ta ajá náà ló fi wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ń sáré jù nínú wọn kọ oúnjẹ, ó bì, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbóòórùn ìgbẹ́ yẹn rí kì í gbàgbé. A fa omi sí wọn lára tọ̀sán tòru, síbẹ̀ díẹ̀ ló yè. Kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ ò ràn án, omi bílíìṣì ló ń pa á. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra wọn títí ọmọ á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ohun tó wà nínú wàrà ìyá lè máà jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Oògùn aràn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 2. Ti dìgbòlugi ń bọ̀ ní nǹkan bí oṣù 3. Ẹ ṣírò gbogbo ìyẹn fún ọmọ mẹ́jọ, kí ẹ tó ṣírò owó títà. Ọmọ ajá kì í kúrò lẹ́yìn ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ilé yín ni wọ́n á ti máa jẹun ní gbogbo ìgbà yẹn.

Àwọn ará àdúgbò tó ń sọ pé “ẹ fún mi lẹ́yọ kan”, ẹ ní kí wọ́n san àsansílẹ̀ báyìí. Ẹ máa rí iye tó kù. Tí wọn ò bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí yíyọ ilé ọmọ rẹ̀.

Títí ẹ ó fi pinnu, tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àsìkò tó máa ń gba akọ, ẹ sé e mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má ṣe dá jáde rárá. Ẹ̀jẹ̀ náà lè dá kó tó gba akọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tú u sílẹ̀. Akọ méjì lè gùn ún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kó sì bí ọmọ bàbá méjì pọ̀. Ẹ bá mi wo abẹ́ géètì yín náà. Bí orí ajá bá ti gba ibẹ̀, ara rẹ̀ náà lè gbà á.