Iná kú nínú ìgò: ṣé carbon dioxide ni lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ìgò gáàsì mẹ́ta ni wọ́n gbé fún wa, kò sí èyí tó ní àwọ̀. Wọ́n ní èyí tó bá pa iná ni carbon dioxide. Ṣé kí n gbóòórùn wọn náà kó lè dá mi lójú?

Ìdáhùn: Má ki imú bọ ìgò kankan. Chlorine kì í bá ẹ̀dọ̀fóró ṣeré, carbon monoxide tó ń pa ènìyàn kò sì ní òórùn rárá.

Ní ti iná tó kú yẹn, ó ti sú mi í gbọ́. Náítírójìn, tó jẹ́ ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ń pa iná. Argon ń pa á. Kódà, bí igi tó ń jó bá wọnú háídírójìn jìnnà, iná orí rẹ̀ á kú, nígbà tí gáàsì náà fúnra rẹ̀ ń jó lẹ́nu ìgò! Iná tó kú kò sọ ju pé ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ kò tó.

Omi láìmù ló ń jẹ́rìí carbon dioxide: omi tí a po calcium hydroxide sí, tí a sẹ́ títí ó fi mọ́ gaara. Jẹ́ kí gáàsì náà gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá funfun bíi pé a da mílíìkì sí i, o ti rí i. Dúró níbẹ̀ o, torí bí gáàsì bá ń wọlé ṣáá, omi náà á tún mọ́, wàá sì rò pé o ṣì í ṣe. Sulphur dioxide náà ń sọ ọ́ di funfun, ṣùgbọ́n ìyẹn a máa bó àwọ̀ àlùkò tí omi potassium permanganate ní. Carbon dioxide kì í bó o. Náítírójìn kò ní ṣe omi láìmù ní nǹkan kan.

Ti ọ́síjìn, pa iná orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó ku ẹyin-iná nìkan, kí o tó tì í bọ inú gáàsì náà. Á tún gbiná. (Nitrous oxide náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà wádìí ohun tí wọ́n fi ṣe gáàsì náà.)

Háídírójìn á dún “pó” bí iná bá kan ẹnu túùbù. Túùbù kékeré ni mo wí, kì í ṣe ìgò: bó bá ti pò mọ́ afẹ́fẹ́, ó lè fọ́ dígí sí ọ lójú. Fi awò ààbò sójú, kí olùkọ́ rẹ sì dúró tì ọ́. Èmi kò sí níbẹ̀, n kò mọ ohun tó wà nínú ìgò yín.